Irinwó Ebè àti Siníma Eléwúrẹ́

Ẹ máa yọ kóró kajú yín lọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Etí nìkan ni mo fẹ́ yá lọ́wọ́ yín. Ẹni tí omi kajú bá ta sí lójú, kó lọ bọ́jú kó padà wá, n kò ní sọ èyí tó pọ̀ kó tó dé.

Gbogbo yín lẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ràmátù, ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Basila, kó ìwé ìdánwò wọn wá síbí láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tò wọ́n sórí àpótí, ó wọlé lọ bu omi mu. Kó tó jáde, ewúrẹ́ pupa ti jẹ ìwé ọmọ mẹ́ta, ó sì ti fẹnu kan ti ẹ̀kẹrin. Ràmátù lé e yí ilé ká lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tó ń pa yín lẹ́rìn-ín kọ́ ló ń pa mí. Mo kàn sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé ó dà bí ewúrẹ́ inú siníma.

Ràmátù dúró, ó ń mí hẹlẹ. Ó ní, "Siníma wo, Ìyá àgbà?"

Mo sọ fún un. Mo ní ọkùnrin méjì ni wọ́n, ọ̀kan sanra, ọ̀kan gbẹ bí igi tí iṣu ń gùn. Mo ní wọ́n ní ọkọ̀ pupa kan tí kò ní ilẹ̀kùn, ewúrẹ́ sì máa ń jókòó níwájú ọkọ̀ náà bí ẹni tó lọ́kọ̀. Ó béèrè orúkọ rẹ̀, mo ní a kì í bi siníma lórúkọ nígbà yẹn, bó bá ti dé a ó wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ pọ́tábù, fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́rú ló tó rí i. Ó ní siníma àtijọ́ ni, pé ẹni tó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé gbogbo ayé ti gbàgbé rẹ̀, pé nígbà tó jáde pàápàá èèyàn kò lọ wò ó. Mo ní kí ó bá mi sọ fún onítọ̀hún pé Manigri lọ wò ó. Manigri kò sì gbàgbé.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, kò sí iná níbí. Kò sí òpó, kò sí wáyà, kò sí pátákó tí ẹ ń gbé sórí òrùlé kí oòrùn lè fún yín níná. Tí ilẹ̀ bá mọ́, igbe awó lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà odó, lẹ́yìn náà ọkọ́ tí àwọn ọkùnrin ń pọ́n lórí òkúta kí ẹnu rẹ̀ lè mú. Ọkọ̀ ńlá tó ń bọ̀ láti Penesulu, a ó ti gbọ́ ọ tipẹ́ kó tó yọ. Àwọn obìnrin á ti ru iṣu dé ẹ̀bá títì, wọ́n á ti jà lórí ibi tí oníkálùkù yóò dúró sí, wọ́n á tún ti bẹ ara wọn, ọkọ̀ náà kò tíì dé. Nísinsìnyí alùpùpù ń gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá, n kì í mọ̀ àfi tí eruku bá wọ inú ọbẹ̀ mi.

Kajú náà kò pọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣu ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa. Ọkùnrin tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn, iṣu ni yóò bá a gbìn. Nígbà ọyẹ́, nígbà tí ètè gbogbo èèyàn bá ń là, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé ọkọ́ lé èjìká, tí wọ́n ń lọ kọ ebè fún bàbá ìyàwó. Kò sí ẹni tó lè fi ẹnu dídùn nìkan gbé obìnrin nígbà náà. Àna á wá síbi tó o kọ, á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò, á sì sọ ohun tó rí.

Irinwó ebè ni bàbá mi dá fún ẹni tó bá fẹ́ mi. Irinwó kò pọ̀ jù, àwọn ẹlòmíràn ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé irinwó bàbá mi kì í tán. Lọ́dún àkọ́kọ́, bàbá àgbà yín kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, wọ́n kọ ọ́ tán láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bàbá mi ní kì í ṣe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ fẹ́ mi, kó fúnra rẹ̀ lọ kọ ọ́. Lọ́dún kejì ó dá a kọ. Bàbá mi ní ikán jẹ iṣu ibẹ̀, nítorí náà ebè náà kò ka. Ẹ̀yin ẹ wò ó, ikán kì í ṣe ẹbí ọkọ mi. Lọ́dún kẹta ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́.

Nítorí kí n má purọ́ fún yín, bàbá àgbà yín kò mọ oko ro. Ó ti lọ gbé Kútọnu díẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì ti ibẹ̀ mú ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàràmù kan bọ̀ àti awò dúdú tó ń fi sójú lóko. Ará Kútọnu ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó ní kò sí èdè tó ń ti orí omi wá tí òun kò gbọ́. Kò sí ẹni tó lè já a nírọ́, nítorí kò sí omi ní Manigri tí ọkọ̀ lè gbà wá. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rọ̀ ju tèmi lọ. Tó bá kọ ogún ebè, yóò jókòó, yóò sọ ìtàn ogójì.

Tèmi ńkọ́? Ọwọ́ òsì ni mo fi ń ṣe ohun gbogbo, ẹ sì mọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi kò ní ọmọkùnrin míì lẹ́yìn Búrémà, ẹ̀gbọ́n mi, nítorí náà ó máa ń mú mi lọ sóko, ó fún mi ní ọkọ́ kékeré kan. Obìnrin kì í kọ ebè níbí, eré ni. Ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ. Ó na ọwọ́ òsì yẹn títí. Ó fi òwú dè é mọ́ mi lára, ó ní èèyàn kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìyá wa kú, èmi ni mò ń dáná fún un, kò sì bi ọwọ́ tó ro ọkà léèrè mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí Onítélé dé.

Ará Basila ni. Ó so télé mọ́ àárín ìrọ̀rí méjì lórí ọkọ̀, ó gbé gúrúpù tó ń fún un níná dání, àti kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ọ̀sán gangan ló ní òun fẹ́ ṣe é, nítorí kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lójú ọ̀nà. A lo ilé tí wọ́n ń kó òwú sí. Àwọn obìnrin bọ́ ìborùn wọn, a fi dí fèrèsé. Ẹ mọ ooru tó wà nínú ilé páànù lọ́sàn-án. Ẹ wá fi gbogbo Manigri sí inú rẹ̀.

Iṣu kan lẹnì kan fi ń wọlé. Búrémà ni wọ́n fi sẹ́nu ọ̀nà nítorí pé ojú rẹ̀ le. Ó ń fi apá rẹ̀ wọn iṣu: tí kò bá ti gùn tó láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka, kí onítọ̀hún padà sílé. Ó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dáadáa. Kò ṣọ́ fèrèsé. Mo mọ iṣu kan tó wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ náà. Lẹ́ẹ̀kẹrin, Búrémà yìn ín, ó ní iṣu tó dára nìyí, pé ó jọ èyí tí òun ti rí tẹ́lẹ̀.

Wọ́n fa okùn gúrúpù. Ó dún bí ẹni tí egungun há lọ́fun, lẹ́yìn náà ó wá ń dún geere. Siníma bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ la ẹnu, wọ́n ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ nǹkan kan. A wo olùkọ́ ilé-ìwé. Ó fi ọwọ́ gbé etí rẹ̀, ó gbọ́ díẹ̀, ó ní kì í ṣe Faransé. Ó tún gbọ́ díẹ̀, ó ní kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ará Nàìjíríà. Ó dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó mú iṣu rẹ̀, ó lọ sílé. Onítélé náà kò gbọ́ ọ. Àwọn èèyàn ti ń kùn, wọ́n ti ń wo ibi tí iṣu wọn wà.

Bàbá àgbà yín wá dìde láàárín èrò. Ó bọ́ awò dúdú, ó nu ún, ó tún fi í sójú nínú òkùnkùn ilé òwú yẹn. Ó ní, "Mo gbọ́ ọ. Mo ti wò ó ní Kútọnu rí."

Bàbá arúgbó kan wà nínú siníma náà tó dé fìlà funfun, ó jókòó nídìí tábìlì gígùn, ó fi ọ̀pá há itan. Ọkùnrin méjì yẹn dúró níwájú rẹ̀. Ará Kútọnu ní bàbá yìí ni àna. Ó ní àwọn méjèèjì ń fẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, àna sì ní kí wọ́n lọ kọ irinwó ebè. Ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà kiri, ó ní ewúrẹ́ àna ni, òun ni yóò fi ṣe ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fi í fọ́kọ, tí yóò bá a lọ sílé ọkọ. Gbogbo ilé mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yé èèyàn ni.

Láti ibẹ̀ kò sí ohun tó ṣòro fún un mọ́. Àwọn méjì yẹn gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi: ebè ni wọ́n ń kọ. Bàbá mi kò lè dákẹ́, ó ní ebè wo nìyẹn, níbo ni iṣu yóò sùn sí nínú rẹ̀. Obìnrin kan wọ aṣọ búlúù, ó dé fìlà, ó fẹ́ fèrè, ó na ìka sí wọn: alárinà ni, ó ń bi wọ́n pé kí ló ń pẹ́ wọn. Ẹnì kan béèrè ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ará Kútọnu ní ọ̀bọ ló fẹ́ fi lé lóko. Gbogbo ìgbà tí bàbá onífìlà bá ti yọ tó la ẹnu, Ará Kútọnu á ní, "Ó tún fi igba kún un." Lẹ́ẹ̀kẹta, èrò ti ń bá a sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, wọ́n ti yí ọrùn, wọ́n ń wo bàbá mi.

Wọ́n fi ọkọ̀ lé ara wọn. Ọkọ̀ gba àárín ọjà, ó gba inú ilé adìẹ, ìyẹ́ bo ojú ewúrẹ́. Ará Kútọnu ní àna ti ń sá lọ, kí wọ́n má bàa ka ebè náà lójú rẹ̀. Nígbà tí bàbá onífìlà yẹn wá já sínú ẹrẹ̀ tòun ti fìlà, ilé òwú fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Àwọn obìnrin ń lu àyà. Búrémà kúrò lẹ́nu ọ̀nà wá wò ó.

Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, òjìji rẹ̀ bo télé. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí bàbá yẹn sọ tẹnu rẹ̀ náà. Bóyá ọmọ yẹn nìkan ló ń dáná fún un. Ṣé ẹnikẹ́ni bi í?"

Wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin kan ti jáde láti inú ilé kan lórí òkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá bá àwọn ọkùnrin yẹn. Ó dúró. Ó la ẹnu.

Gúrúpù kú.

Èsáǹsì, epo inú gúrúpù, ti tán. Onítélé gbọn kẹ́ẹ̀gì, kò sí nǹkan nínú rẹ̀, èyí tó sún mọ́ wa jù wà ní Basila. Ilé dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbọ́ igbe awó níta. A ká ìborùn kan kúrò lójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ wọlé, gbogbo wa rí òógùn ara wa.

Bàbá mi kò kúrò níbi tó wà. Ó ní, "Ará Kútọnu, o ní o ti wò ó rí. Kí ni ọmọbìnrin yẹn sọ? Ṣé bàbá rẹ̀ fi í fún wọn, àbí kò fi í fún wọn? Sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Ohun tí bàbá yẹn bá ṣe, èmi náà á ṣe é."

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ, n kò tíì rí i kí ẹnu bàbá àgbà yín wúwo rí, àfi ọjọ́ yẹn. Tó bá ní àna náà fún wọn, bàbá mi á ní irọ́ ni, èrò á sì pín sí méjì. Tó bá ní kò fún wọn, ọ̀rọ̀ èmi àti rẹ̀ tán. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ tó kù yìí, ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Ẹ jẹ́ kí obìnrin túmọ̀ rẹ̀."

Ó wò mí. Gbogbo wọn wò mí. Mo jókòó ti àpò òwú, iṣu sísun kún mi lẹ́nu. Mo gbé e mì, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń dúró dè mí.

Mo ní, "Ó ní ebè ti pé. Ó ní òun lòun ń gbé oúnjẹ lọ sóko, òun fúnra òun lòun kà á. Irinwó ni."

Bàbá mi ní, "Nínú siníma ni, àbí lóko mi?"

Mo ní, "Ìkan náà ni, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Bàbá mi wò mí títí. Ó ní tó bá di ọ̀túnla, òun àti Búrémà yóò lọ kà á. Tó bá pé, ó pé. Tó bá ku ẹyọ kan, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ siníma létí òun mọ́.

Wọ́n lọ kà á. Búrémà kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú ìgbá, ebè kan, òkúta kan, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Irinwó pé géérégé. Nígbà tí a wu iṣu tuntun tán, wọ́n mú mi lọ sílé ọkọ. Bí wọ́n ṣe bí àwọn òbí yín nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Búrémà kò gbà. Ó gbà pé ebè pé, òun ló kà á. Siníma ni kò gbà. Gbogbo ọdún iléyá, tí a bá ń pín ẹran, yóò na ọ̀pá rẹ̀ sí bàbá àgbà yín, yóò ní, "Ìwọ yìí, o purọ́ fún bàbá wa. O kò gbọ́ èdè yẹn. Lọ́jọ́ tí mo bá rí ìparí siníma yẹn, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, màá mú àbúrò mi padà sílé." Bàbá àgbà yín á ní kó mú òun náà dání, nítorí òun kò mọ oúnjẹ sè. A ó rẹ́rìn-ín, ẹran á tutù.

Ọdún mẹ́sàn-án nìyí tí bàbá àgbà yín ti kú. Búrémà kò dáwọ́ dúró, ó ṣì ń sọ ọ́ bí ìgbà tó ń ṣeré pẹ̀lú rẹ̀. Èmi ni kò pa lẹ́rìn-ín mọ́. Kò sí ẹni tó ń dá a lóhùn. Mo ń rí ẹ̀yin ọmọ kéékèèké tí ẹ̀ ń gbọ́ ọ, tí ẹ̀ ń gbójú sókè wo àwòrán rẹ̀ lára ògiri, bí ẹni tó ń wo òpùrọ́ tó rẹwà.

Nígbà tí Ràmátù wá rí siníma náà, wọ́n kọ Faransé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, òun ló ń kà. Ó kọ́kọ́ dá a wò. Ó wá bá mi ní ilé ìdáná, ó rọra jókòó. Ó ní, "Ìyá àgbà, olè ni wọ́n. Òkúta olówó iyebíye ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀. Ọlọ́pàá ni obìnrin aláṣọ búlúù yẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ ìyàwó níbẹ̀ rárá."

Mo ní mo mọ̀. Ó ní ta ló sọ fún mi. Mo ní ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ ni, kí n tó pé ọ̀sẹ̀ kan nílé rẹ̀. Ọkọ mi ní ìbọn yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú àṣírí òun. Ìparí nìkan ni òun náà kò mọ̀. Mo ní kí Ràmátù má sọ ọ́ fún mi.

Ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀yin ẹlẹ́nu wọ̀nyí ti lọ sọ fún Búrémà pé Ràmátù ti rí siníma náà. Ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí ẹnikẹ́ni má wò ó kí òun tó dé.

Ẹ rántí bó ṣe wọlé. Ó sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn zémìjàn, ọmọ tó fi alùpùpù gbé e wá ń dì í mú, Búrémà ń lù ú lọ́wọ́ pé òun kì í ṣe iṣu. A gbé pọ́tábù ti ara odó. Lọ́jọ́ Onítélé, ilé òwú kún. Lọ́jọ́ Jímọ̀ orí mẹ́jọ ló fara kan ara wọn níwájú nǹkan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Búrémà ní kí Ràmátù ka Faransé yẹn bó ṣe wà, kó má fi iyọ̀ sí i. Bàbá onífìlà yọ. Ràmátù la ẹnu, ó wá wò mí.

Mo ní, "Ràmátù, sinmi. Ojú ti dùn ọ́ lórí ìwé tí ewúrẹ́ jẹ. Èmi ni màá túmọ̀ rẹ̀."

Búrémà ní, "Ìwọ tí o kò mọ ABD?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilé ògbufọ̀ ni mo ti darúgbó."

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní bàbá yìí ni àna. Mo ní irinwó ebè ló dá fún wọn. Mo rò pé Búrémà yóò dá mi dúró. Kò dá mi dúró. Nígbà tó yá, mo fo ibì kan, ó fi ọ̀pá kan mi lẹ́sẹ̀, ó ní rárá, níbí ló ti fi igba kún un. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní ibi ìbọn, kí n tó la ẹnu, òun ló sọ pé ọ̀bọ ló ń lé. Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí bàbá àgbà yín sọ nínú ooru ọjọ́ yẹn, ó wà lórí Búrémà láìku ẹyọ kan. Ọkùnrin tó ní irọ́ ni, òun ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Lẹ́yìn náà ọmọbìnrin yẹn jáde lórí òkè. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó dúró. Ó la ẹnu. Gbogbo wa sún mọ́ ọn. Ràmátù ti fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

Iná kò kú lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin náà sọ kò ju kí èèyàn ṣẹ́jú lọ. Ó gba àpò lọ́wọ́ ọkùnrin tó sanra, ó wọ ọkọ̀ pupa yẹn, ewúrẹ́ fò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wa ọkọ̀ lọ. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ká ọwọ́ lérí lójú títì. Ó tán. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Búrémà ní, "Kí ló sọ?"

Mo ní, "Ó ní ebè ti pé."

"Àwọn ọkùnrin méjèèjì ṣì wà lójú ọ̀nà. Èwo ló fẹ́ nínú wọn?"

Mo ní, "Ó ní kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀, kí wọ́n yanjú ìyẹn láàárín ara wọn. Ó ní òun fẹ́ tètè lọ gbé ìkòkò kaná."

Búrémà sún mọ́ ọn. Ó fi ìka kan pọ́tábù, àwòrán sá lọ, Ràmátù dá a padà fún un. Ó tẹ ojú rẹ̀ kan tó ṣì ríran mọ́ ọn. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti tán, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Mo ń wo àwòrán ara ògiri, mo ń wá ohun tí màá sọ.

Búrémà ní, "Ewúrẹ́ yẹn wà nínú ọkọ̀."

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀."

Ó ní, "Ewúrẹ́ àna bá a lọ." Ó gbé ojú sókè sí gbogbo yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Bàbá kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ bá ọmọ tí kò fi fọ́kọ lọ. Ó fi í fún wọn nìyẹn. Ará Kútọnu kò purọ́."

Ó wá ní kí Ràmátù dá ibi tí fìlà funfun ti já sínú ẹrẹ̀ padà fún òun. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ó rẹ́rìn-ín títí a fi fún un lómi.

Nígbà tí zémìjàn gbé e lọ, Ràmátù bi mí ní ìbéèrè kan, èmi yóò sì dáhùn rẹ̀ níwájú gbogbo yín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e dé ọ̀dọ̀ Búrémà, kó má jẹ iṣu mi mọ́. Ó bi mí pé ṣé irinwó ebè yẹn pé lóòótọ́.

Kò pé. Ó ku ogójì.

Mo mọ̀ pé ó ku ogójì nígbà tí iṣu wà lẹ́nu mi. Àtẹ́lẹwọ́ bàbá àgbà yín ti bó, kò lè di ọkọ́ mú. Nítorí náà kí ọ̀túnla tó pé, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ láàárọ̀, mo di ọkọ́ sínú aṣọ lábẹ́ agbọ̀n. Ó jókòó sábẹ́ igi ẹ̀mí, igi òrí, ó fi òrí pa ọwọ́, ó ń sọ siníma náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kọ ogójì tán. Ó dà bí ebè bó ti yẹ, àfi pé ẹni tó ń fi òsì mú ọkọ́, apá òdìkejì ni ebè rẹ̀ máa ń kọjú sí.

Búrémà kò rí i, òkúta ló ń kà. Bàbá mi kò ka nǹkan kan. Ó rìn lọ sí ìparí oko, ó dúró síbi ogójì yẹn, ó gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbé agbọ̀n sórí. Ó ní, "Ebè ibí yìí kọjú sí ibòmíràn." Búrémà ní ṣé ká yọ ọ́ kúrò. Bàbá mi kò wò mí. Ó ní, "Kà á. Ebè ni."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń mú mi lọ, gbogbo èèyàn ti dìde, ó ní kí wọ́n dúró. Ó wọ ẹ̀yìn ilé, ó fa abo ewúrẹ́ pupa kan jáde tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn rí. Mo na ọwọ́ ọ̀tún, bí ó ti kọ́ mi. Ó gbé ọwọ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òsì ló fi okùn rẹ̀ sí.

Ìran ewúrẹ́ náà ló jẹ ìwé Ràmátù. Ẹ má jù ú lókùúta mọ́.